Ìbéèrè Inú Ìbéèrè: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà Láti Yẹ Iṣẹ́ Query Builder Wò

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí dá lé àyẹ̀wò ìbéèrè tí ó wà nínú ìbéèrè mìíràn nínú àká-dátà, pàápàá èyí tí a kò fi ọwọ́ ara wa kọ ní èdè SQL, ṣùgbọ́n tí a fi irinṣẹ́ query builder tò pọ̀. A lo àtẹ kéékèèké méjì, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti èsì ìdánwò, láti fi hàn bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú kọ̀ǹpútà kí ó sì mú orúkọ tí kò tọ́ jáde. A ṣàlàyé irú ìlà tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú àyẹ̀wò kí ó tó lè tú àṣìṣe wọ̀nyí fó, àti bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì NCE tí kọ̀ǹpútà kò pọ̀ níbẹ̀.

Ìfáárà

Èsì ìdánwò ti kúrò nínú ìwé ńlá tí ọ̀gá ìdánwò máa ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́jì ètò ẹ̀kọ́ lónìí, inú àká-dátà ni ó ń gbé. Nígbà tí ó bá tó àsìkò láti kó orúkọ àwọn tí yóò gba ìwé-ẹ̀rí NCE jáde, ìbéèrè ni a ń bi àká náà, òun náà á sì fèsì kí a tó ṣẹ́jú. Ìdáhùn yìí ni a ń tẹ̀ sórí ìwé, tí a ń gbé lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀, tí a ń lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde. Bí ìbéèrè bá wọ́, orúkọ á wọ́. Ọmọ tí ó yege á máa lọ láti ọ́fíìsì kan sí èkejì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìwé-ẹ̀rí tiwọn wọ yunifásítì nípasẹ̀ Direct Entry. Ẹni tí kò yege á sì gba ìwé-ẹ̀rí, á lọ dúró níwájú àwọn ọmọdé ní kíláàsì.

Àwọn tí a ń kọ́ ní ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà ni yóò máa kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́la, fún ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ àti fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Ohun tí à ń kọ́ wọn dáadáa ni bí a ṣe ń kọ ìbéèrè. Bí a ṣe ń mọ̀ pé ìbéèrè tí a kọ béèrè ohun tí a ní lọ́kàn gan-an kì í sábà rí àyè nínú iṣẹ́ sáà. Ibẹ̀ ni a fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Èdè tí a fi ń bá àká-dátà sọ̀rọ̀, SQL, kì í ṣe ọmọdé mọ́. E. F. Codd ti ilé-iṣẹ́ IBM ló gbé ìlànà àká oníàtẹ jáde ní 1970. Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí àwọn náà wà ní IBM, sì gbé èdè SEQUEL jáde ní 1974, òun ló di SQL. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èdè náà ti gbà kí a fi ìbéèrè kan sínú òmíràn. Àwa yóò pe èyí tí ó wà níta ní ìbéèrè ìyá, a ó sì pe èyí tí ó wà nínú rẹ̀ ní ìbéèrè ọmọ. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà mú orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí nọ́ńbà wọn kò sí lára àwọn tí ó fìdí rẹmi, wíwá àwọn tí ó fìdí rẹmi ni iṣẹ́ ọmọ, mímú orúkọ ni iṣẹ́ ìyá.

Oríṣi ọmọ méjì ló wà. Ọ̀kan lè dá dúró: a lè yọ ọ́ kúrò lára ìyá rẹ̀, kí a bi í lọ́tọ̀, yóò sì dáhùn. Èkejì ń dárúkọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìyá, nítorí náà ẹ̀yìn ìyá nìkan ni a ti lè bá a pàdé. Ti àkọ́kọ́ rọrùn láti yẹ̀ wò. Ti ẹ̀yìn ìyá yìí ni ó máa ń dá ọgbọ́n sí ènìyàn nínú.

Query builder ni irinṣẹ́ tí ó ń jẹ́ kí ẹni tí ń kọ kóòdù fi èdè tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, bíi PHP tàbí Python, to ìbéèrè pọ̀ ní ẹyọ ẹyọ, kí irinṣẹ́ náà sì sọ ọ́ di SQL fúnra rẹ̀. A ó máa pè é ní akọbéèrè. Knex wà fún JavaScript, SQLAlchemy wà fún Python. Laravel, tí Taylor Otwell gbé jáde ní 2011, ní tirẹ̀ fún PHP. Ti Laravel ni a yàn fún àpẹẹrẹ wa, nítorí PHP ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. A ó lo ọ̀rọ̀ náà àyẹ̀wò fún ohun tí a ń ṣe sí kóòdù, a ó sì fi ìdánwò sílẹ̀ fún èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó ṣe nínú gbọ̀ngàn. Bí a kò bá pààlà sí i báyìí, ọ̀rọ̀ méjèèjì á dàrú mọ́ ara wọn kí a tó dé ojú-ewé kejì.

Akọbéèrè dára. Ó ń gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe sípẹ́lì, ó sì ń dènà kí ẹni ibi ti ọ̀rọ̀ burúkú bọ inú ìbéèrè wa. Ṣùgbọ́n ó fi aṣọ bo ojú SQL. Ohun tí a kọ kọ́ ni àká-dátà ń gbọ́, ohun tí akọbéèrè túmọ̀ rẹ̀ sí ni ó ń gbọ́. Nígbà tí ìbéèrè ọmọ bá tún wà nínú ọ̀rọ̀, aṣọ náà di ìlọ́po méjì.

Àtẹ méjì àti ìlà méje

Àtẹ àkọ́kọ́ ń jẹ́ akeko, ó ní òpó méjì, nomba àti oruko. Ènìyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀: 1 Bísí, 2 Musa, 3 Ngozi, 4 Tersoo. Àtẹ kejì ń jẹ́ esi:

nomba_akeko | koosi | maaki
1 | CSC 111 | 62
1 | EDU 111 | 55
2 | CSC 111 | 34
2 | EDU 111 | 58
4 | CSC 111 | 40
4 | EDU 111 | 70
NULL | EDU 111 | 38

Ká sọ pé máàkì 40 ni ìlà ìyege. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí a kàn ju síbẹ̀. Musa fìdí rẹmi nínú kóòsì kan, ó yege nínú èkejì. Tersoo dúró sórí ààlà gan-an. Ngozi kò ní èsì kankan. Ìlà tí ó kẹ́yìn jẹ́ èsì tí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà gbàgbé láti fi nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ sí, NULL sì ni SQL ń pe àyè òfìfo bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá wọn tẹ èsì kóòsì EDU, tí gbogbo kọ́lẹ́jì ń ṣe, lálẹ́ ọjọ́ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, yóò mọ̀ pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlá.

Ìbéèrè wa nìyí: mú orúkọ àwọn tí kò ní èsì tí ó wà lábẹ́ 40.

DB::table('akeko')
  ->whereNotIn('nomba', function ($q) {
    $q->select('nomba_akeko')->from('esi')
      ->where('maaki', '<', 40);
  })
  ->pluck('oruko');

Ó kà bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí a bá yọ ìlà kéje kúrò nínú àtẹ esi, yóò mú Bísí, Ngozi àti Tersoo wá. Bí ìlà kéje bá wà níbẹ̀, kò ní mú ẹnikẹ́ni wá rárá.

Ohun tí NULL ń ṣe

Ìbéèrè ọmọ dá ohun méjì padà: 2 àti NULL. Ìyá wá ń bi ara rẹ̀ nípa Bísí, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1: ṣé 1 kì í ṣe 2? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé 1 kì í ṣe NULL? SQL kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdáhùn kẹta ni ó ní fún irú èyí: a kò mọ̀. Nígbà tí a bá so bẹ́ẹ̀ ni pọ̀ mọ́ a kò mọ̀, a kò mọ̀ ni àpapọ̀ wọn. WHERE kì í sì í gba ẹnikẹ́ni wọlé àfi ẹni tí ìdáhùn tirẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Bí Bísí ṣe bọ́ síta nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Ngozi àti Tersoo. Ti Musa kò nílò àlàyé.

Kò sí àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà kéde. SQL tí akọbéèrè kọ tọ́, ó sì rí bí a ṣe rò pé yóò rí. Ẹni tí ó bá yẹ kóòdù yìí wò pẹ̀lú ìlà mẹ́fà tí ó mọ́ tónítóní á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé inú ìlà tí a yàn fún àyẹ̀wò ni agbára rẹ̀ wà, kì í ṣe inú iye àyẹ̀wò tí a kọ. Níbikíbi tí ìbéèrè ọmọ bá ti lè dá NULL padà lábẹ́ NOT IN, ìlà kan gbọ́dọ̀ wà nínú àyẹ̀wò tí ó ń dá a padà.

Ọ̀nà tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni NOT EXISTS, tí kò fi nọ́ńbà wéra lọ́nà yẹn. Ohun tí ó ń béèrè ni bóyá ìlà kan tilẹ̀ wà:

DB::table('akeko')
  ->whereNotExists(function ($q) {
    $q->select(DB::raw(1))->from('esi')
      ->whereColumn('esi.nomba_akeko', 'akeko.nomba')
      ->where('esi.maaki', '<', 40);
  })
  ->pluck('oruko');

Èyí mú Bísí, Ngozi àti Tersoo wá, ìlà kéje ì báà wà tàbí kó má sí. Ọmọ ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ yìí, nítorí ó dárúkọ akeko.nomba, tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ wo Ngozi lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò fìdí rẹmi nínú ohunkóhun, nítorí kò ṣe ìdánwò kankan. Ṣé ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ń gba ìwé-ẹ̀rí? Rárá o. Ìbéèrè wa kò ṣàṣìṣe, ohun tí a ní kí ó ṣe ni ó ṣe. Àwa ni a kò tíì sọ gbogbo òfin fún un. Irú ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé lọ bá ọ̀gá ìdánwò kí ó tó kọ ìlà kóòdù kan sí i, akẹ́kọ̀ọ́ kan kò sì ní ronú kàn án bí kò bá fi ẹni tí kò ní èsì sínú àtẹ. Nínú ìyókù àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi Ngozi sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí kóòdù wa má baà gùn jù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Ẹ pa whereColumn rẹ́ nínú kóòdù òkè yìí, kí ẹ kọ where lásán sí ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí where ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé where ka ọ̀rọ̀ kejì sí iye lásán, whereColumn sì kà á sí orúkọ òpó. Nítorí náà where á lọ máa wá èsì tí nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ náà "akeko.nomba", gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Orúkọ". Kò ní rí i. PostgreSQL á pariwo pé èyí kì í ṣe nọ́ńbà. SQLite àti MySQL á dákẹ́. Níwọ̀n bí ọmọ kò ti rí ìlà kankan, NOT EXISTS di òótọ́ fún gbogbo ènìyàn, Musa náà á sì yege.

A fi èyí wé ti NULL. Ọ̀kan kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yege, èkejì jẹ́ kí gbogbo wọn yege. Lójú tiwa, èkejì burú jù. Bí ìwé bá jáde láìsí orúkọ kankan, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ á fura lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde pẹ̀lú orúkọ ọgọ́rùn-ún mẹ́rin dípò ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti àádọ́ta, ta ni yóò kà á?

Àṣìṣe mìíràn tí ó jọ ọ́ ni ti orúkọ òpó. Nínú ìbéèrè whereNotIn tí a kọ́kọ́ kọ, ká ní ẹnìkan ní kí ọmọ mú nomba dípò nomba_akeko. Kò sí òpó tí ń jẹ́ nomba nínú àtẹ esi, a ó sì rò pé kọ̀ǹpútà á kígbe. Kò ní kígbe. Ìlànà SQL ni pé bí ọmọ kò bá rí orúkọ kan nílé tirẹ̀, á lọ wò ó nílé ìyá. Yóò bá nomba nínú akeko, á sì máa fi nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀. Pẹ̀lú NOT IN, kò sí ẹni tí yóò wọlé níwọ̀n ìgbà tí èsì kan bá ti wà lábẹ́ 40. Pẹ̀lú IN, gbogbo wọn ni yóò wọlé. Ìwòsàn rẹ̀ kò le: kí a máa kọ orúkọ àtẹ ṣáájú orúkọ òpó nínú ìbéèrè ọmọ nígbà gbogbo. Bí a bá kọ esi.nomba, àká-dátà á sọ pé òun kò mọ irú òpó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ SQLite ọ̀rọ̀ náà tún kọjá bẹ́ẹ̀: bí orúkọ òpó tí a fi àmì àyọlò méjì ká kò bá sí níbikíbi, ó lè kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kí a wo SQL, tàbí kí a wo ìdáhùn?

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà yẹ akọbéèrè wò. Àwọn kan á ní kí ó fi SQL tí ó kọ hàn. Laravel ní toSql fún èyí, ó sì ní getBindings tí ń fi iye tí ó wà lẹ́yìn àmì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan hàn. Wọ́n á fi ohun tí ó jáde wé ọ̀rọ̀ SQL tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò yìí yá, kò sì nílò àká-dátà. Ṣùgbọ́n kò ní rí ti NULL láéláé, nítorí SQL ibẹ̀ tọ́. Bí irinṣẹ́ náà bá sì yí àmì àyọlò padà ní ẹ̀dà tuntun, gbogbo àyẹ̀wò á ṣubú láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. A kò gbà pé kí a gbé gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé lé e.

Ibi tí ó ti wúlò ni ti iye tí akọbéèrè ń fi pamọ́. Ó ń yọ iye kúrò nínú SQL, ó ń fi àmì ìbéèrè sí ipò wọn, ó sì ń to àwọn iye náà sí ẹ̀gbẹ́. Bí ìbéèrè ọmọ bá wà lára ohun tí a ń yàn, tí ìyá sì ní WHERE tirẹ̀, iye ti ọmọ gbọ́dọ̀ ṣáájú, kódà bí a bá kọ ti ìyá ṣáájú nínú kóòdù. Laravel ń tò ó fúnra rẹ̀ bí a bá lo selectSub tàbí fromSub. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá mú ọ̀rọ̀ tí ó ti inú toSql jáde, tí ó fi DB::raw lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbéèrè mìíràn, SQL nìkan ni ó gbé wá, iye kò tẹ̀ lé e. Ó di dandan kí ó lo mergeBindings tàbí kí ó fi ọwọ́ kó wọn wá, ibẹ̀ sì ni ti ìyá àti ti ọmọ ti ń gba ipò ara wọn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí iye méjì má jọra láéláé nínú àyẹ̀wò. Bí ọmọ bá ń lo 40, tí ìyá náà ń lo 40, wọn ì báà gba ipò ara wọn lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí a ṣe ìbéèrè náà lórí àká-dátà gidi tí ó kéré, kí a sì wo ìdáhùn. SQLite wúlò púpọ̀ fún èyí. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kò nílò kọ̀ǹpútà ńlá. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀ ní :memory:, inú ìrántí kọ̀ǹpútà ni yóò gbé, yóò sì parẹ́ nígbà tí àyẹ̀wò bá parí. A ó fi ìlà méje wa sí i, a ó sì kọ:

$this->assertEqualsCanonicalizing(
  ['Bísí', 'Ngozi', 'Tersoo'], $oruko->all()
);

A lo assertEqualsCanonicalizing nítorí SQL kò ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni yóò ṣáájú ẹnikẹ́ni bí a kò bá lo ORDER BY. Ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka iye orúkọ nìkan. Mẹ́ta lè jẹ́ Bísí, Musa àti Ngozi.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Ọmọ SQLite kì í ṣe ọmọ MySQL. Bí ìbéèrè ọmọ bá wà ní ipò iye kan ṣoṣo, tí ó sì dá ìlà méjì padà, SQLite á mú ti àkọ́kọ́, á sì dákẹ́. MySQL á kéde àṣìṣe 1242, PostgreSQL náà á kọ̀. MySQL kì í sì í gba LIMIT nínú ìbéèrè ọmọ tí ó wà lábẹ́ IN, bẹ́ẹ̀ SQLite ń gbà á. Nítorí náà kí a fi SQLite kọ́ni, kí a fi í yẹ nǹkan wò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí èsì ọmọ ènìyàn tó gba inú kóòdù náà kọjá, kí a ṣe àyẹ̀wò kan náà lórí irú àká-dátà tí kọ́lẹ́jì ń lò gan-an.

Nígbà tí carry-over bá wọ̀ ọ́

Òfin tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò bá ti ilé-ẹ̀kọ́ mu, nítorí ẹni tí ó fìdí rẹmi lè padà ṣe kóòsì náà kí ó sì yege. A fi akẹ́kọ̀ọ́ karùn-ún kún un, 5 Halima, tí ó gba 30 nínú CSC 111 ní ọdún kan, tí ó sì gba 40 nínú kóòsì kan náà ní ọdún kejì. Ìbéèrè wa wá di: mú àwọn tí kò ní ìfìdírẹmi kankan tí a kò tíì fi ìyege pa rẹ́ nínú kóòsì kan náà. Ọmọ ti bí ọmọ:

->whereNotExists(function ($q) {
  $q->select(DB::raw(1))->from('esi as e')
    ->whereColumn('e.nomba_akeko', 'akeko.nomba')
    ->where('e.maaki', '<', 40)
    ->whereNotExists(function ($r) {
      $r->select(DB::raw(1))->from('esi as p')
        ->whereColumn('p.nomba_akeko', 'e.nomba_akeko')
        ->whereColumn('p.koosi', 'e.koosi')
        ->where('p.maaki', '>=', 40);
    });
})

Àtẹ esi wọlé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ó gba ìnagijẹ méjì, e àti p. Bí a bá gbàgbé ìnagijẹ, tí a kọ esi.koosi sí ọ̀tún àti sí òsì, ọmọ inú á gbà pé ti òun ni méjèèjì, á sì máa fi kóòsì kan wé ara rẹ̀. Gbogbo ìfìdírẹmi nínú kọ́lẹ́jì ni yóò parẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá ti yege nínú nǹkan kan. Ìyege Bísí ni yóò san gbèsè Musa.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé àyẹ̀wò wa tó? A máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ba kóòdù jẹ́ tìfẹ́tìfẹ́, ní ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì wò bóyá àyẹ̀wò á figbe ta. Yọ p.koosi kúrò: EDU 111 tí Musa yege nínú rẹ̀ á pa CSC 111 rẹ́, Musa á wọlé, àyẹ̀wò á figbe ta. Yọ p.nomba_akeko: Bísí á san gbèsè Musa, àyẹ̀wò á figbe ta. Yí >= padà sí >: Halima á já, nítorí 40 ni ó fi pa tirẹ̀ rẹ́. Ká ní 47 ni a fún un, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé nǹkan yí.

Yọ e.maaki < 40 wá. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àyẹ̀wò dákẹ́ jẹ́ẹ́, àwọn orúkọ kan náà ni ó jáde.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni kíláàsì máa ń ti gbóná. Ìlà tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń pa ara rẹ̀ rẹ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ìyege nínú kóòsì náà. Nítorí náà ó dà bí ẹni pé gbólóhùn e.maaki < 40 kò wúlò, a lè gé e dànù. Ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ fi ìlà kan sí i: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ fún kóòsì ṣùgbọ́n tí kò wá sí gbọ̀ngàn ìdánwò, tí àyè máàkì rẹ̀ sì ṣófo. Bí gbólóhùn náà bá wà, NULL kò kéré sí 40, kò sì pọ̀ jù ú lọ. A kò mọ̀ ni ìdáhùn, a kò ka ìlà náà sí ìfìdírẹmi, akẹ́kọ̀ọ́ náà á yege. Bí a bá yọ ọ́, ìlà òfìfo náà kò rí ìyege tí yóò pa á rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà á dúró. Gbólóhùn tí ó dà bí àṣepọ̀jù ni ó ń ṣe ìpinnu lórí ẹni tí kò wá sí ìdánwò, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń ṣe ìpinnu náà. A kò lè fi SQL pinnu èyí tí ó tọ́ nínú méjèèjì. Ìwé òfin ìdánwò kọ́lẹ́jì ni ó ní ìdáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ fi ìlà náà sínú àyẹ̀wò lẹ́yìn tí ó bá ti rí i níbẹ̀.

Nínú kíláàsì

Kò dìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ní kọ̀ǹpútà. A lè kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sórí páálí pélébé, kí a pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Ẹnìkan jẹ́ ìyá, ó di páálí akẹ́kọ̀ọ́ mú. Ẹlòmíràn jẹ́ ọmọ, ó di páálí èsì mú, ó sì fi ẹ̀yìn kọ ìyá. Ìyá á ké nọ́ńbà kan, ọmọ á wá inú páálí rẹ̀, á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí a kò mọ̀. Nígbà tí ìyá bá ké 1 ní ọ̀nà ti NOT IN, tí ọmọ sì bá páálí tí kò ní nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀, á tàkìtì. Wọ́n á jiyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó sọ ohun tí SQL ń ṣe. Ọmọ tí ó fi ẹ̀yìn kọ ìyá tún ń jẹ́ kí ó hàn pé ohun tí ìyá kò bá ké sókè, ọmọ kò lè gbọ́ ọ, òun sì ni iṣẹ́ whereColumn.

Fún ìdíyelé, ó dára kí a yí iṣẹ́ padà. Dípò kí a ní kí wọ́n kọ ìbéèrè, kí a fún wọn ní ìbéèrè tí ó wọ́, kí a sì sọ fún wọn pé: mú ìlà kan ṣoṣo wá tí yóò tú u fó. Ẹni tí ó bá mú máàkì 60 wá fún ìbéèrè tí ó ní < dípò <= kò tíì yé. Ẹni tí ó bá mú 40 wá ti yé. Irú ìbéèrè yìí rọrùn láti máàkì, kò sì ṣeé dà kọ láti inú ìwé. Ó tún lè dúró lórí páálí nígbà tí iná bá lọ.

Ìlà tí kò ní olówó

Ìlà kéje ṣì wà níbẹ̀. NOT EXISTS gbà wá lọ́wọ́ ìpalára rẹ̀, àyẹ̀wò wa sì ń yege. Ṣùgbọ́n máàkì 38 nínú EDU 111 jẹ́ ti ẹnìkan. Ó lè jẹ́ ti Ngozi. Bí ó bá jẹ́ ti Ngozi, ẹni tí ó fìdí rẹmi wà lórí pátákó ìkéde wa báyìí, kò sì sí àyẹ̀wò kankan tí yóò sọ fún wa, nítorí ìbéèrè náà kò ní àṣìṣe. Ọ̀nà méjì ni ó wà fún un, a sì nílò méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni kí a fi NOT NULL sí òpó nomba_akeko nígbà tí a bá ń dá àtẹ sílẹ̀, kí àká-dátà kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èkejì wà fún àtẹ tí ó ti kún tẹ́lẹ̀: ìbéèrè kékeré tí ń fi whereNull kó gbogbo èsì tí kò ní olówó jáde, tí a sì ń ṣe ṣáájú kí a tó tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá mú ìlà kan péré wá, ọ̀gá ìdánwò á gbé ìwé ìdánwò EDU 111 jáde, á sì wá ẹni tí ó gba 38.